Súpọ́ọ̀tù ọrùn ẹsẹ̀ àti ẹsẹ̀ tí kì í yé rọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àforítì. Lẹ́tà méjì tí ẹ tẹ̀ jáde láàrin oṣù kan síra wọn ni ó mú mi gbé gègé. Nínú èkínní, ẹnìkan kọ̀wé láti Ìlọrin pé kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù máa wọ súpọ́ọ̀tù, ìyẹn ìdè tí wọ́n ń fi gbé oríkèé ró, sí ọrùn ẹsẹ̀, nítorí pé ó máa ń sọ ẹsẹ̀ di ọ̀lẹ. Nínú èkejì, ẹlòmíràn fún un lésì pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé súpọ́ọ̀tù ni òpin wàhálà ẹsẹ̀ tó ń rọ́, àti pé ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ kò tún ní ohun mìíràn láti ṣe. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ọ̀fà àti Ìlọrin, ẹsẹ̀ ọ̀tún tèmi gan-an sì wà lára àwọn ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n mo gbàgbọ́ pé kò sí èyí tó tẹ ọ̀nà náà gún nínú wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹsẹ̀ wọn ti rọ́ rí, kì í sì ṣe gbogbo wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ́, inú ni àtẹ́lẹsẹ̀ sábà máa ń yí sí, tí gbogbo ìwúwo ara á já lé ẹ̀gbẹ́ òde. Iṣan kan wà níwájú kókósẹ̀ òde tó so eegun ojúgun kékeré mọ́ eegun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹsẹ̀ á wú, á ṣú, á sì sàn, ẹlòmíràn kò sì ní rántí rẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò pé nínú ẹni 100 tí ẹsẹ̀ wọn bá rọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n lè tó 40 tí wàhálà rẹ̀ kò ní tán bọ̀rọ̀. Bí ó bá ti pé oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹsẹ̀ ti kọ́kọ́ rọ́ kanlẹ̀, tí ó sì tún ń rọ́, tàbí tí ó ń yẹ̀ lójijì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí ẹni tó ni ín kò fọkàn tán an mọ́, àìfẹsẹ̀múlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ tó ti di bárakú nìyẹn. Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fẹnu kò lórí òǹkà oṣù 12 yìí, kí gbogbo ìwádìí wọn lè máa sọ̀rọ̀ nípa àìlera kan náà.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. A ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, mo fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n láti dènà bọ́ọ̀lù, mo sì balẹ̀ lé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin tó wà ní òdìkejì. Gbogbo ẹni tó bá ti gbá a rí ló mọ̀ pé abẹ́ àwọ̀n yẹn ni ẹsẹ̀ ti ń rọ́ jù. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá. Wọ́n gbé mi délé, ìyá mi fi òrí gbígbóná ra ojú ibẹ̀, wọ́n sì pe bàbá kan tó ń to eegun, òun náà fà á títí omijé fi bọ́ lójú mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹni tó ń kọ́ wa ní eré náà ní kí n fi báńdéèjì di í kí n sì bọ́ sí pápá, nítorí pé ìdíje kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo bọ́ sí pápá. N kò bá a bínú nígbà náà, torí ohun tí wọ́n ṣe fún òun náà nígbà tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ọjọ́ 9 kò tó kí iṣan tó ya so pọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ní kí n fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó tì mí padà sínú eré.

Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti ya ọ̀dàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó rọ́ láàrin ọdún méjì. Nígbà tó yá, mo ra súpọ́ọ̀tù kan ní Ìlọrin, irú èyí tó ní okùn níwájú bíi ti bàtà, mo sì ń wọ̀ ọ́ sí pápá. Kí n má purọ́, ó ràn mí lọ́wọ́ gidigidi, torí fún ọdún mẹ́rin ẹsẹ̀ mi kò rọ́ lójú eré rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo ń bọ̀ láti Ọjà Owódé ní Ọ̀fà, èlùbọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ gba orí pákó tí wọ́n tẹ́ sójú gọ́tà sọdá. Pákó náà le, kò mì. Bí mo ti gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀ tó wá ku ọ̀tún nìkan, n kò mọ ibi tí ọ̀tún wà mọ́. Kò dùn mí tẹ́lẹ̀, n kò sì kọsẹ̀ lára nǹkan kan. Ẹsẹ̀ náà kàn lọ ni, bí ẹni tó fẹ́ jókòó tí wọ́n yọ àga kúrò nídìí rẹ̀. Èlùbọ́ dà sínú omi gọ́tà. Súpọ́ọ̀tù mi, tí mo fọ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, wà lórí okùn aṣọ nílé.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí súpọ́ọ̀tù ń ṣe fún mi àti ohun tí kò ṣe. Ẹ̀ka físíò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ni mo lọ nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ni obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ti fi sùúrù là mí lọ́yẹ, tó sì fi ìwé tó yẹ kí olùkọ́ bíi tèmi ti kà hàn mí.

Ohun tí ẹsẹ̀ bí irú tèmi pàdánù kọjá agbára. Inú iṣan tó so eegun pọ̀, inú awọ, inú ẹran ojúgun, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tíntìntín wà tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ní gbogbo ìgbà pé ẹsẹ̀ ti tẹ̀ sí ibí, ó ti dagun sí ọ̀hún. Òun ni ènìyàn fi lè gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn láìwo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1965, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí iṣan bá ya, àwọn òjíṣẹ́ inú rẹ̀ náà máa ń bà jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, èyí sì ni ìdí tí ẹsẹ̀ tó ti jinná lójú fi tún ń yẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan lára àwọn aláìsàn wọn máa dúró lórí pákó tó ń mì, wọ́n sì rí i pé ẹsẹ̀ àwọn wọ̀nyí kì í yẹ̀ tó ti àwọn tí kò ṣe é. Ìmọ̀ ti kọjá ibi tí Freeman bá a dé. A ti mọ̀ báyìí pé ọ̀rọ̀ náà ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, pé ọpọlọ àti iṣan ìbàdí pàápàá ń yí ìṣe wọn padà lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti rọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tó yàn fún ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń yàn fún un lónìí.

Kò sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí àwa tí wọ́n ń kì ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwọn tó ń jà yóò rí i pé ẹni tó sanra jù lè ṣubú, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tètè mọ̀ pé ara fẹ́ lọ sì wà lórí ìdúró.

Ní ọdún díẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ní kí àwọn ọmọbìnrin méjì nínú kíláàsì mi bọ́ bàtà, kí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ kan lórí sìmẹ́ńtì, ọwọ́ níbàdí, ojú ní dídì, kí àwọn yòókù máa kà. Ẹsẹ̀ ọ̀kan kò rọ́ rí. Ó dúró títí wọ́n fi kà dé 30. Èkejì ni ó yára jù nínú eré sísá ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ bíi ìgbà mẹ́rin. Kí wọ́n tó dé 6, mo ti ń rí iṣan ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dìde tó ń wọlẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ há sìmẹ́ńtì mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ gbẹ́ ẹ, ọrùn ẹsẹ̀ ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tí wọ́n pe 9, ó ti fi ẹsẹ̀ kejì balẹ̀. Mo bọ́ súpọ́ọ̀tù tèmi, mo fi okùn dì í fún un dáadáa, mo ní kó tún ṣe é. Ó ní, "Mà, ó dà bíi pé ẹnìkan di ẹsẹ̀ mi mú." Inú rẹ̀ dùn. Ó dé 10.

Mo mọ̀ pé ọmọ kan kì í ṣe ìwádìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwádìí ń sọ kò jìnnà sí ohun tí mo fojú rí lọ́jọ́ náà. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà kó iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe jọ lórí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń yẹ̀, wọ́n sì rí i pé súpọ́ọ̀tù tàbí téèpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kò mú kí ẹsẹ̀ wọn mọ ibi tó wà dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan, àbájáde ìwádìí kò bára mu, torí àwọn kan rí àǹfààní díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí ohunkóhun. Èyí tó hàn kedere jù ni pé ọkàn ẹni tó wọ̀ ọ́ máa ń balẹ̀, bíi ti ọmọ mi yẹn. Èmi kò fojú kéré ìfọ̀kànbalẹ̀, torí ẹni tó ń bẹ̀rù ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò lè sáré. Àmọ́ kí òbí má ṣe gba ìfọ̀kànbalẹ̀ ní ìwòsàn.

Ní ti ẹ̀gbọ́n tó sọ pé súpọ́ọ̀tù ń sọ ẹsẹ̀ di ọ̀lẹ, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́, èmi náà sì fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀, èyí tí mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2000, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn dá ṣáṣá wọ súpọ́ọ̀tù fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n wá dán an wò bóyá iṣan ẹ̀gbẹ́ ojúgun, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ padà bí ó bá fẹ́ yí sínú, ti ń lọ́ra. Kò lọ́ra. Ní ọdún 2011, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama 1,460 tó ń gbá bọ́ọ̀lù inú agbọ̀n ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ìṣeṣe ọrùn ẹsẹ̀ láàrin àwọn tó wọ súpọ́ọ̀tù olókùn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàwọn tí kò wọ̀ ọ́, ìyẹn ni pé bí mẹ́ta bá ṣèṣe lọ́hùn-ún, ẹyọ kan ni ti ibí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ rí bọ́ súpọ́ọ̀tù kúrò kó tó wọ pápá, ó ń kó o sínú ewu.

Ẹ̀rí tó gbe súpọ́ọ̀tù lẹ́yìn tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Nẹ́dálándì, wọ́n pín àwọn eléré ìdárayá tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan fi ọ̀sẹ̀ 8 ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdúró nílé, àwọn kan wọ súpọ́ọ̀tù sí eré fún odidi ọdún kan, àwọn kan sì ṣe méjèèjì papọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Ní òpin ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, nínú ẹni 100 tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan, ẹsẹ̀ ẹni 27 tún rọ́. Ti àwọn onísúpọ́ọ̀tù jẹ́ 15. Ti àwọn tó ṣe méjèèjì jẹ́ 19. N kò lè fi èyí pamọ́ nítorí pé kò gbe ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn tààrà. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú eré ni wọ́n ti ń wọ súpọ́ọ̀tù yẹn, ọdún kan gbáko sì ni wọ́n fi wọ̀ ọ́. Èmi ń bèèrè nípa pákó ojú gọ́tà, nípa àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí, nípa ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Ọ̀fà Gàréèjì tí ẹsẹ̀ kan kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ta ni yóò wọ súpọ́ọ̀tù síbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ títí ayé rẹ̀?

Ibẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti wúlò, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní Nẹ́dálándì kan náà, ní ọdún 2009, wọ́n fi eléré 522 dán an wò. Àwọn kan gba ìtọ́jú bó ṣe máa ń rí, àwọn kan sì fi ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan kún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8, nínú ilé ara wọn, láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Nínú ẹni 100, ẹsẹ̀ 33 ló tún rọ́ láàrin àwọn ti àkọ́kọ́, 22 láàrin àwọn ti èkejì. Kò sí ohun tí wọ́n rà tó wọ́n nínú èyí.

Báyìí ni èmi ṣe ń ṣe é. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá ìdáná nígbà tí omi ẹ̀kọ bá wà lórí iná, láìwọ bàtà, láìwọ súpọ́ọ̀tù, orúnkún tí mo fi dúró á tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ kan á wà nítòsí ògiri láìkàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìfi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dijú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dúró lórí fóòmù ìrọ̀rí tí mo ká ní méjì, tí ọmọ-ọmọ mi ń ju bọ́ọ̀lù sí mi. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi ẹsẹ̀ kejì nàgà síwájú, sẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹ́yìn, bí ó bá ṣe lè jìnnà tó, láìgbé gìgísẹ̀ èyí tí mo fi dúró kúrò nílẹ̀. Àwọn físíò máa ń fi èyí kan náà wọn ìdúró ènìyàn, wọ́n á sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wé òsì. Bí ó bá ń dun ènìyàn, kó dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo tó rí ìyàtọ̀, kì í ṣe lórí pápá, bí kò ṣe nígbà tí mo ń wọ ṣòkòtò lórí ìdúró láìdi ibùsùn mú.

Ní ti súpọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ìsọ̀ wa ni èyí tó dà bíi sọ́kìsì tí wọ́n gé orí rẹ̀. Ó ń mú ibẹ̀ móoru, ó sì ń fún ara ní ìmọ̀lára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹsẹ̀ tó ń yí dúró. Èyí tó ní okùn, tàbí èyí tó ní ike líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí tí mo mẹ́nu bà. Kí ẹni tó bá rà á wọ̀ ọ́ lórí sọ́kìsì, kó ti gìgísẹ̀ wọnú dáadáa, kó gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè kó tó fa okùn. Bí ọmọ ìka bá ń kú tàbí tó tutù, ó ti fún jù. Téèpù náà dára, àmọ́ kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ lẹ́nu eré kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá àti àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní bọ́ọ̀lù jẹ mọ́ ẹsẹ̀ tó rọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí níbẹ̀ ni tèmi ti bàjẹ́. Gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láti Ìrrà dé Àjàṣẹ́-Ìpo ló fẹ́ dà bíi Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà wọlé ní ìdíje Ife Àgbáyé ní 1994. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní sọ fún yín láé pé ẹsẹ̀ òun kò tíì dára. Bí ó bá rọ́ tí kò lè rin ẹsẹ̀ mẹ́rin fúnra rẹ̀, tàbí tí ó ń dùn ún gan-an nígbà tí ẹ bá tẹ ẹ̀yìn tàbí orí eegun kókósẹ̀, X-ray ló kàn, kì í ṣe fífà. Bí kò bá sì dá, ẹ má ṣe fi ọjọ́ tí ìdíje yóò bẹ̀rẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò padà. Ẹ ní kó bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ náà nìkan dúró, lẹ́yìn náà kó dijú, kó fò kó sì balẹ̀ lé e. Bí kò bá lè ṣe tó ti ẹsẹ̀ kejì, kó ṣì jókòó. Ìgbà tó bá padà, kó wọ súpọ́ọ̀tù sí eré títí tí ọdún yóò fi yí po, kó sì máa bọ́ ọ nílé láti ṣe ìdúró rẹ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú, àwòrán súpọ́ọ̀tù olókùn ni ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà kejì yẹn, ó sì mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwòrán ọmọ kan tí kò wọ bàtà, tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.